Ṣé Ewé Foxglove Inú Ọgbà Lè Rọ́pò Oògùn Ọkàn Màmá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Birmingham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Màmá mi, ẹni ọdún 74, wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ. Dókítà wọn nílé ń fún wọn ní digoxin 125 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́ pẹ̀lú oògùn ìtọ̀, nítorí pé ọkàn wọn ń lù ségesège, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń wú. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rí òdòdó elésè àlùkò kan ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní foxglove ni, àti pé inú ewé rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa digoxin yọ. Oògùn Màmá kò ní pẹ́ tán, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn á kúkú máa se ewé náà bí àgbo. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ewu wà níbẹ̀? Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, máa ń ṣeré nínú ọgbà yẹn pẹ̀lú. Ṣé kí a hú u ni?

Ìdáhùn: Èyí tó kánjú jù ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí Màmá fi ẹnu kan ewé náà rárá, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ gbígbẹ, ìbáà ṣe ewé ẹyọ kan péré nínú ìkòkò àgbo. Bí wọ́n bá ti mu nínú rẹ̀ kí ìdáhùn yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò ṣe wọ́n ní nǹkan. Ẹ pe 999, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé foxglove ni wọ́n mu, àti pé wọ́n ti ń lo digoxin tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò parọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Lóòótọ́, inú ewé ni digoxin ti ń wá, kódà títí di òní olónìí, oko ni wọ́n ti ń gbin ewé náà kí ilé iṣẹ́ tó fa oògùn yọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé irú èyí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín. Foxglove elésè àlùkò tó ń hù káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Digitalis purpurea. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, Digitalis lanata, tí òdòdó tirẹ̀ jọ àwọ̀ mílíìkì, tí ìlà pupa rúsúrúsú sì wà nínú rẹ̀. Lára èyí ni Sydney Smith, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Burroughs Wellcome, ti rí digoxin yọ ní ọdún 1930. Ohun tó gbapò iwájú nínú ewé elésè àlùkò ni digitoxin, tó jẹ́ ẹbí digoxin ṣùgbọ́n tí ìwà wọn yàtọ̀. Bí kíndìnrín ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀ sí méjì ni ìdajì digoxin fi ń kúrò lára rẹ̀, nígbà tí digitoxin máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹni tó bá mu àgbo rẹ̀ lónìí, tó tún mu ún lọ́la àti lọ́tùn-únla, ń to májèlé léra wọn ni, nítorí pé ti àná kò tíì lọ tí tòní fi dé bá a. Bí ẹni náà bá wá jẹ́ ẹni tí digoxin ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìtàn bí ewé yìí ṣe di oògùn sún mọ́ yín ju bí ẹ ṣe lè rò lọ, nítorí pé ìlú yín gan-an ni dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà ti ń wo aláìsàn. William Withering ni orúkọ rẹ̀. Shropshire ni wọ́n ti bí i ní 1741, ó sì wá di dókítà ní Birmingham. Ní 1775, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó rò nípa àgbo ìdílé kan tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire ti fi ṣe àṣírí fún ìgbà pípẹ́, tó sì ń fi wo àrùn ara wíwú, èyí tí omi máa ń kún ẹsẹ̀ àti ikùn, tí èémí kì í sì í já gaara. Ewé inú àgbo náà lé ní ogún. Withering, tó jẹ́ onímọ̀ ewéko pẹ̀lú iṣẹ́ dókítà, yẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí i pé kò sí èyí tó lè máa ṣe iṣẹ́ náà láàárín wọn bí kò ṣe foxglove. Kò dárúkọ ìyá arúgbó náà. Mother Hutton tí ẹ lè bá pàdé bí ẹ bá ń ka ìtàn yìí níbòmíràn, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà ló hùmọ̀ rẹ̀ nínú ìpolówó ọjà ní 1928, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn ènìyàn ṣì ń tún un sọ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ọdún mẹ́wàá ni Withering fi dán ewé náà wò lára àwọn aláìsàn kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785, ohun tó sì mú kí n máa bọ̀wọ̀ fún ìwé yẹn ni pé kò fi àwọn tí oògùn náà ṣe ní jàǹbá pamọ́. Ó jẹ́wọ́ pé ìwọ̀n tí òun kọ́kọ́ ń fún àwọn ènìyàn ti pọ̀ jù. Ó kọ ohun tí àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, kí ojú máa rí gbogbo nǹkan bíi pé wọ́n ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, kí ìlù ọkàn lọ sílẹ̀ dé 35 láàárín ìṣẹ́jú kan, òógùn tútù, gìrì, dídákú, ikú. Ẹ̀kọ́ nípa májèlé yìí tí a ń kọ́ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó kọ nígbà náà.

Ibi tó yẹ kí ẹ ka sí Màmá létí nìyí. Sísè ewé náà bí àgbo gan-an ni Withering kọ́kọ́ ń ṣe, ó sì fi í sílẹ̀. Bí ó ti ń rí i pé agbára ewé náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rí i pé kò yẹ kí àṣìṣe kankan wà nínú ìwọ̀n rẹ̀, àgbo kò sì ṣeé wọ̀n lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó sè é ló wà, ó sì fura pé bí iná bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, apá kan agbára ewé náà lè bàjẹ́. Ó tún ṣàkíyèsí pé ewé tí a já ní àsìkò kan kì í lágbára bákan náà pẹ̀lú èyí tí a já ní àsìkò mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi pinnu pé ìgbà tí igi òdòdó bá ń yọ ni kí wọ́n máa já ewé rẹ̀, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, ìyẹn pàápàá kò tó. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ní láti máa dán ẹbu ewé náà wò lára àkèré àti ológbò kí wọ́n tó lè sọ bí agbára ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Ìgbà tí wọ́n rí digoxin fúnra rẹ̀ yọ ni ìṣòro yìí tó dẹ̀ díẹ̀.

Mo mọ̀ pé Màmá lè dáhùn pé gbogbo nǹkan ló ní bí a ṣe ń ṣe é, pé gbágùúdá náà ní oró kí a tó rẹ ẹ́, kí a tó fún un, kí a tó yan án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oró gbágùúdá yàtọ̀ sí oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀; a lè lé ọ̀kan lọ kí ìkejì ṣẹ́kù. Nínú foxglove, ohun kan náà ni oògùn àti májèlé. Lára sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn, ohun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ti sódíọ̀mù síta kí ó sì máa fa potásíọ̀mù wọlé. Jens Christian Skou, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmákì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá nítorí rẹ̀ ní 1997. Digoxin a máa dí ohun yìí lọ́wọ́. Nígbà tí sódíọ̀mù bá ti ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù náà á máa pọ̀ sí i, kálísíọ̀mù yìí ló sì ń mú kí iṣan ọkàn fún pọ̀ pẹ̀lú agbára. Oògùn náà tún máa ń ṣiṣẹ́ lára iṣan ìmọ̀lára tó ń dẹ ìlù ọkàn, kí ọkàn tó ń sáré lè rọra. Bí ìdílọ́wọ́ náà bá wá lé díẹ̀ sí i, kálísíọ̀mù á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn á máa lù níbi tí kò yẹ kó lù, tàbí kó máa gbàgbé láti lù. Kò sí ohun tí ẹ lè sè dànù tàbí tí ẹ lè sẹ́ kúrò kí oògùn nìkan kù.

Kí ẹ lè mọ bí àlàfo àárín méjèèjì ṣe kéré tó, ẹ mú hóró paracetamol 500 mílígíráàmù kan dání. Digoxin tó wà nínú hóró oògùn Màmá jẹ́ ìdá kan nínú 4,000 ìwọ̀n paracetamol tó wà nínú èyí tí ẹ mú dání yẹn. Gbogbo ohun tó kù tí ẹ ń rí nínú hóró digoxin yẹn, ẹbu lásán tí wọ́n fi gbé e ró ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ kí digoxin wà ni 0.5 sí 0.9 nánógíráàmù nínú mílílítà kan. Bí ó bá ti kọjá 2, ewu ti wọlé dé. Kò sí ìyá kankan, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó nídìí àgbo, tó lè fi ìkúnwọ́ ewé wọn ohun tó kéré tó báyìí.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń bú oògùn náà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lára 6,800 aláìsàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1997, fi hàn pé digoxin kò dín ikú àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó dín iye ìgbà tí wọ́n ń dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn kù. Láti ìgbà náà ni kì í ti í ṣe oògùn àkọ́kọ́ tí dókítà ń mú mọ́, àmọ́ fún àgbàlagbà bíi Màmá, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ó ṣì wúlò gan-an.

Ohun tó kàn mí jù nínú lẹ́tà yín ni oògùn ìtọ̀ tí Màmá ń lò pẹ̀lú digoxin. Púpọ̀ nínú oògùn ìtọ̀, bíi furosemide, máa ń fi ìtọ̀ gbá potásíọ̀mù jáde kúrò lára, bí potásíọ̀mù bá sì ti lọ sílẹ̀, digoxin tí kò pọ̀ rárá lè di májèlé. Àgbo tó ń ṣu ni máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí a bá ń mu ún lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n kó asúnwọ̀n tàbí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kankan wá láti ilé, nítorí pé àwọn ìyá wa kì í sábà ka àgbo mọ́ oògùn nígbà tí dókítà bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń lò. Kíndìnrín ló ń kó digoxin jáde, ti ẹni ọdún 74 kì í sì í yára bíi ti ọ̀dọ́. Ohunkóhun tó bá dà á láàmú, títí kan ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ méjì tàbí àìmu omi tó, lè mú kí oògùn náà kún inú ẹ̀jẹ̀. Clarithromycin tí wọ́n lè fún wọn nítorí ikọ́, amiodarone àti verapamil tí wọ́n ń lò fún ọkàn, gbogbo wọn ló ń mú kí digoxin pọ̀ sí i lára.

Ẹ máa ṣọ́ wọn. Bí oúnjẹ bá déédéé kọ̀ wọ́n, bí èébì bá ń gbé wọn, bí wọ́n bá ní iná ilé ní òbìrípo àwọ̀ ìyeyè lára, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú bí ti ẹni tí kò sùn, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà tàbí ibà. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ sì fi aago ka ìlù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ṣe kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ sọ ọ́ di méjì, nítorí pé ọkàn tó ń lù ségesège yóò tàn yín jẹ. Bí kò bá tó 60, ẹ má ṣe tíì fún wọn ní ti ọjọ́ náà, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, tàbí dókítà kí ẹ béèrè ohun tí ẹ ó ṣe. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí tí wọ́n dákú, 999 ni kí ẹ pè.

Màmá lè ní àwọn kò rí irú ewé báyìí rí. Wọ́n ti rí i o. Olómi-òjò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká ní Ìbàdàn àti káàkiri ilẹ̀ wa, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí ewé rẹ̀ gùn tín-ín-rín, tí oje funfun sì máa ń jáde lára rẹ̀ bí a bá ṣẹ́ ẹ, irú májèlé ọkàn kan náà ló wà nínú rẹ̀, inú hóró rẹ̀ ló sì ti le jù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ni wọ́n ti mú un wá. Ní Sri Lanka, hóró olómi-òjò ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dán an wò tí wọ́n fi rí i pé ohun èèlò ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, ìyẹn ohun tó ń gbógun ti oró tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, tí wọ́n ṣe láti fi pa oró digoxin máa ń ṣiṣẹ́ lórí oró tirẹ̀ náà. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa pẹ̀lú mọ ẹ̀yà oró yìí dáadáa: ìtàkùn Strophanthus tí wọ́n ń fi hóró rẹ̀ ṣe oró ọfà káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọkàn ẹran ló ń dá dúró. Irú ìtàkùn bẹ́ẹ̀ láti ìhà odò Zambezi ni Thomas Fraser yẹ̀ wò ní Edinburgh, tó sì fa strophanthin yọ nínú rẹ̀, tí àwọn dókítà Yúróòpù, pàápàá ní Jámánì, fi ń wo ọkàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ọdẹ tó jẹ́ fi oró ọfà se àgbo fún ìyá rẹ̀.

Ní ti ọgbà yín, èmi yóò hú u. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, torí pé òdòdó náà rẹwà, oyin sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tí kò ní ọmọdé nílé lè fi í sílẹ̀ láìsí wàhálà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù kì í tilẹ̀ ṣe òdòdó, bí kò ṣe ewé ọdún àkọ́kọ́. Ọdún méjì ni foxglove sábà máa ń lò láyé: ní ọdún àkọ́kọ́, kò ní yọ òdòdó kankan, ewé rẹ̀ á kàn tẹ́ rẹrẹ sórí ilẹ̀, ó fẹ̀, ó rọ̀, irun wẹ́wẹ́ bò ó, iṣan rẹ̀ hun ara wọn lábẹ́ bí àwọ̀n, etí rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń já ewé comfrey, ewéko mìíràn tó jọ ọ́, fún tíì ti ṣi í já, ó sì ti dá wọn lóró. Ìyá tó ti Ìbàdàn dé, tó ń wá ẹ̀fọ́ já ní ẹ̀yìnkùlé, lè ṣì í já pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí èso rẹ̀ tó gbẹ, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ó sì pọ̀ lọ jàra. Ẹ tún padà wo ilẹ̀ náà ní ọdún tó ń bọ̀.

Foxglove korò, ọmọdé tó bá fi í sẹ́nu sábà máa ń tu ú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ìyẹn. Bí ọmọ yín bá jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ mú ẹ̀ka ewé náà dání, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá gágá, nítorí pé ó lè tó wákàtí mélòó kan kí oró náà tó fara hàn. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fún un ní omi iyọ̀, ẹ má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Èébì tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè ṣe é ní jàǹbá kí foxglove tó ṣe é. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní èédú tí wọ́n ń fún ni mu kí ó lè gba oró mọ́ra nínú ikùn, wọ́n á máa wo bí iná ọkàn rẹ̀ ṣe ń lọ lórí ẹ̀rọ, ohun èèlò ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí mo mẹ́nu kàn lókè sì wà fún ìgbà tó bá le.

Ó wá ku oògùn Màmá tó fẹ́ tán. Àlejò tó bá fẹ́ lò ju ọjọ́ kan lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ní tó oṣù mẹ́ta, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà GP àdúgbò gẹ́gẹ́ bí aláìsàn onígbà díẹ̀, wọn kì í sì í gba owó fún rírí GP. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí hóró oògùn tó ṣẹ́ku mẹ́ta. Ẹ mú páálí oògùn méjèèjì dání, kì í ṣe hóró tí a dì sínú bébà, kí dókítà lè ka ìwọ̀n wọn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ potásíọ̀mù àti kíndìnrín wọn wò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí Màmá bá gbàgbé ti ọjọ́ kan, kí wọ́n fò ó, kí wọ́n má ṣe lo méjì lọ́jọ́ kejì. Àgbo tí wọ́n bá kó wá, ẹ kọ orúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀ tí wọ́n bá mọ̀ sórí bébà, ní èdè Yorùbá bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi bébà náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó lọ rí dókítà. N ó kọ orúkọ tí dókítà yóò fi mọ ewé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.